Kossola Ọmọ Àgbẹ̀: Bí A Ṣe Lè Wá Ìtàn Àwọn Baba Wa Rí



Ta ni ó bí bàbá tó bí bàbá yín? Níbo ni wọ́n sin ín sí? Kí ni ó ń gbìn nínú oko rẹ̀? Bí a bá bi àwọn ọmọ wa ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ wo ojú ìyá wọn. Ìyá náà yóò ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí àwọn bá lọ kí bàbá àgbà ní ìlú. Bàbá àgbà náà ńkọ́? Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ti ń wúwo, ohun tó mọ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Parakou ju bí ó ti kan àwọn tó ṣì ń gbé nínú agbo ilé baba wọn. Ìlú ọ̀nà àti ìlú ọjà ni Parakou láti ìgbà láéláé. Àwọn kan nínú wa wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn kan láti Kétu, Ìdàáṣà tàbí Bàǹtè. Àwọn mìíràn tẹ̀lé òwò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Ọmọ tí a bí síhìn-ín ń gbọ́ Bààtọ̀nú ní àdúgbò, Dẹ́ńdì ní ọjà, Faransé ní ilé-ìwé, ó sì ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ibi tí a ti wá fún un, yóò rò pé ẹnu ọ̀nà ilé wa níhìn-ín ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

KÌ Í ṢE ỌBA NÌKAN LÓ NÍ ÌTÀN

Àwọn kan máa ń wí pé: "Àgbẹ̀ lásán ni bàbá tiwa. Kò jọba, kò jagun. Kí ni à ń wá nínú ìtàn rẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe fún àwọn àgbẹ̀ tiwọn.

Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé kí àlùfáà páríìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ìsàmì fún, tí ó bá so pọ̀ ní ìgbéyàwó, tàbí tí ó bá sin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọba ilẹ̀ Faransé pàṣẹ pé kí a máa kọ ìwé ìsàmì sílẹ̀ ní ìjọba tirẹ̀. Ní 1563, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Trent fi í lé àwọn àlùfáà Kátólíìkì lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí ó di 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ olúkúlùkù ní ilé dé ilé nígbà tí wọ́n bá ń ka ènìyàn.

Nítorí èyí, ẹni tó bá ń wá ìtàn alágbàṣe oko kan ní abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí lè rí i: ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un; àmì àgbélébùú kékeré tó fi sí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ nítorí kò mọ̀wé kọ; àwọn ọmọ tó sin ní kékeré; oko olówó tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wá ka ènìyàn. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé ìtàn nípa rẹ̀. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, nínú ìwé oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n bí a bá to ìlà wọ̀nyí pọ̀, ènìyàn yóò dìde níwájú wa.

Ẹnì kan lè sọ pé ti àwọn òyìnbó nìyẹn, wọ́n ní ìwé. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ọmọ àgbẹ̀ kan tó jáde láti apá ọ̀dọ̀ wa.

KOSSOLA, ỌMỌ OLUALE

Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clotilda kó ènìyàn 110 ní Ouidah, ó sì kó wọn lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Olówó kan tó ń jẹ́ Timothy Meaher ló gbìmọ̀ rẹ̀, William Foster sì ni ọ̀gá ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rí.

Láàrin àwọn tí wọ́n kó náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kossola ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ló kó ìlú wọn. Kì í ṣe ọmọ ọba. Ó ní Oluale ni orúkọ bàbá òun, Fondlolu sì ni ti ìyá òun. Òpìtàn Sylviane Diouf, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 2007, gbé àwọn orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó sọ yẹ̀wò, ó sì parí rẹ̀ sí pé agbègbè Bàǹtè ni ó ti wá, láàrin àwọn Ìṣà tí ń sọ èdè Yorùbá. Àwọn òpìtàn mìíràn tọ́ka sí ìlú mìíràn, nítorí bí òyìnbó ṣe kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ kò bá ẹnu wa mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn: orúkọ ìlú kan ṣoṣo tí a kò kọ dáadáa ti fa àríyànjiyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ni ó wá kù nípa ọmọ àgbẹ̀ yìí nínú ìwé? Ẹ jẹ́ kí a kà á.

Ní 1868, lẹ́yìn òmìnira, ìwé ìjọba fi hàn pé wọ́n gbà á ní ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1872, ìwé ilẹ̀ fi hàn pé ó fi 100 dọ́là ra ilẹ̀ tó tó éékà méjì. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ti kọ́kọ́ fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò tó wọn lọ́wọ́. Wọ́n bẹ Meaher pé kó fún wọn ní ilẹ̀, ó kọ̀. Nígbà náà ni wọ́n fi òógùn ojú wọn ra á, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó, tí à ń pè ní Africatown títí di òní. Ní 1880, ìwé ìgbéyàwó kọ orúkọ rẹ̀ àti ti Abile aya rẹ̀, ẹni tí òun náà wá nínú ọkọ̀ kan náà. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kọlu kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó sì ṣe é léṣe. Ó pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹjọ́ dá 650 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà ní 1904, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Lẹ́yìn náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi tí òun àti àwọn ará rẹ̀ jọ dá sílẹ̀ fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìsìn. Aya rẹ̀ kú ní 1908. Gbogbo ọmọ mẹ́fà tí ó bí ló kú ṣáájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1935.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Ìwé ilẹ̀ kan, ìwé ìgbéyàwó kan, ìwé ẹjọ́ kan, ibojì kan. Irú ìwé tó wà nínú àpótí tiwa náà ni.

OHUN TÍ ÌWÉ KÒ LÈ SỌ

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Akọ̀wé ìlú Mobile kò kọ Kossola. Cudjo Lewis ni ó kọ, nítorí pé Cudjo ni wọ́n ń pè é nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè pe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ní ti Lewis, àwọn kan rò pé Oluale, orúkọ bàbá rẹ̀, ni etí òyìnbó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé nìkan ni a ní, Oluale ìbá ti pòórá.

Ohun tó gbà á là ni pé àwọn kan jókòó tì í nígbà tí ó ti di arúgbó, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè. Zora Neale Hurston, akọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú, tọ̀ ọ́ lọ ní 1927 àti 1928. Ó sọ fún un nípa ilé bàbá rẹ̀, nípa ọjọ́ tí ogun kó wọn, nípa àgọ́ ẹrú ní Ouidah. Ìwé tí Hurston kọ náà wà nínú àpótí fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn aláṣẹ Alabama kéde pé wọ́n ti rí ókùú ọkọ̀ Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò. Ohun tí arúgbó náà fi ẹnu sọ, igi ọkọ̀ náà wá jẹ́rìí sí i.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́. Kossola àti aya rẹ̀ fún ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún un ní orúkọ ilé. Àkọ́bí wọn ń jẹ́ Aleck. Orúkọ kejì rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí Iyadjemi. Kò sí òyìnbó tó mọ ohun tó túmọ̀ sí ní Mobile. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ tún un pè: Ìyà-jẹ-mí. Ọmọ ọdún mélòó ni èdè wa fi pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan yẹn! Ẹni tó bá gbọ́ èdè ilé nìkan ló lè kà á.

ÌWÉ TÓ WÀ NÍTÒSÍ WA

Ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ pé àwọn ní ìwé. Ẹ jẹ́ kí a tọ́ka sí díẹ̀.

Èkíní ni ìwé ìsàmì ti páríìṣì. Fadá Borghero àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Ouidah ní 1861. Míṣọ́nnì Porto-Novo bẹ̀rẹ̀ ní 1864, ti Agoué ní 1874. Lọ́dọ̀ tiwa ní àríwá, ọdún 1948 ni Róòmù sọ Parakou di ẹkùn fúnra rẹ̀. Ó di díósíìsì ní 1964, ó sì di ti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní 1997. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣe ìsàmì fún bàbá yín àgbà ṣáájú 1948, ẹ béèrè míṣọ́nnì tó ń bójútó abúlé rẹ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìsàmì, ẹ óò rí orúkọ àwọn òbí, ti bàbá tàbí ìyá ìsàmì, àti ọjọ́. Ẹ má gbàgbé etí ojú ewé náà: òfin Ìjọ ní kí a máa kọ ìfìdímúlẹ̀ ẹni náà àti ìgbéyàwó rẹ̀ síbẹ̀. Ojú ewé kan lè mú yín dé ìlú mìíràn. Ẹ tọ akọ̀wé páríìṣì lọ ní wákàtí iṣẹ́, ẹ mú orúkọ àti ọdún tí ẹ fojú dá lọ, ẹ sì ní sùúrù. Ìwé náà ti gbó, kì í ṣe ohun tí gbogbo ọwọ́ ń ṣí.

Èkejì ni ìwé ọjọ́ìbí ti mairie, tàbí jugement supplétif fún àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nígbà ìbí. Bí ẹ bá rí "né vers 1930" lára rẹ̀, ẹ mọ̀ pé àfojúdá ni. Ẹ máa bi àwọn àgbà pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ṣé ṣáájú kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ni, ní 1911? Ṣé ọdún tí wọ́n pa Bio Guéra ni, 1916? Ṣé ó ti ń rìn nígbà òmìnira, ní 1960? Ṣé wọ́n ti pa orúkọ Dàhọ̀mì dà sí Bénin, ní 1975? Àgbà tí kò mọ ọdún mọ ìṣẹ̀lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìwé kéékèèké: ìwé owó orí, ìwé ilẹ̀, káàdì ilé-ìwé, ìwé ológun, fọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ sí sì wà ní Porto-Novo, fún ẹni tó bá lè dé ibẹ̀.

Ẹ kíyèsí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Etí Faransé kọ Àjàyí ní Adjayi, ó kọ Olú ní Olou, ó sì fi "ch" sí ipò ṣ. Ní ìhà kejì ẹnubodè, Gẹ̀ẹ́sì kọ Ajayi. Ọmọ ìyá kan náà lè wà ní Parakou àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìwé wọn má jọra. Ẹ máa ka orúkọ náà sókè ketekete. Etí yín yóò mọ ohun tí ojú kò mọ̀.

ORÍKÌ, ÌWÉ TÍ A KÒ KỌ

Àwọn baba wa kò ní ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní orúkọ. Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àìná, Òjó, Dàda: orúkọ wọ̀nyí sọ bí ọmọ ṣe wáyé. Málọmọ́ àti Dúrójayé sọ fún wa pé àwọn ọmọ kan ti kú kí ìyá náà tó bí eléyìí. Ìwé ìjọba kankan kò kọ omijé ìyá náà sílẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ kọ ọ́. Oríkì orílẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìran Oníkòyí, ọ̀rọ̀ ogun ni yóò kún inú rẹ̀, ìran Ọ̀pọ́mùléró, ọ̀rọ̀ òpó àti igi ni. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín. Àwọn ló máa ń kì wá nígbà tí a bá kúnlẹ̀ kí wọn ní òwúrọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tẹlifóònù lọ́wọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè èèwọ̀ ilé náà, àti ilà tí wọ́n ń kọ.

ÈRÈ WO LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Nínú ìwé Ẹ́sírà, nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì padà láti ìgbèkùn, àwọn kan wà tí wọ́n pe ara wọn ní ìran àlùfáà, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí orúkọ ìdílé wọn nínú ìwé. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ìwé tó sọnù ti gba ipò lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Àṣà Yorùbá kò fẹ́ kí ẹbí fẹ́ ara wọn. Òfin Ìjọ náà kò gbà kí ọmọ tẹ̀gbọ́n àti ọmọ tàbúrò ṣe ìgbéyàwó láì jẹ́ pé wọ́n gba àṣẹ pàtàkì. Àwọn ọ̀dọ́ méjì lè pàdé ní yunifásítì Parakou, kí bàbá àgbà wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹbí bá wá tọrọ ìyàwó. Nígbà náà, ojú yóò tì wá, ọkàn àwọn ọmọ yóò sì gbọgbẹ́.

Àwọn tó wà lókè òkun náà ń wá wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin pé ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà lè gba ìwé ọmọ ìlú Bénin, bí wọ́n bá lè fi ẹ̀rí ìran wọn hàn. Wọ́n ń wá ìwé, wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé Bàǹtè lọ́la, tó ní òun ń wá ará ilé Oluale, ta ni yóò lè dá a lóhùn?

A ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn yóò rí ohun tó dùn, yóò sì rí ohun tó korò. Nínú agbo ilé mìíràn, ẹni tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n kó lójú ogun wà lára àwọn baba. Nínú òmíràn, àwọn tó kó wọn ni. Àwọn tó ta Kossola, aláwọ̀ dúdú bí tiwa ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn bú ọmọnìkejì rẹ̀. Ohun tí a bá gbọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí a bi olórí ẹbí kí a tó sọ ọ́ ní gbangba. Ọmọ tí a rà sínú ilé, tó bímọ, tó roko, tó sì kú síbẹ̀, baba wa ni.

BÍ A Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ yín àti ti ọkọ tàbí aya yín sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ti àwọn òbí yín sí èkejì, ti òbí àgbà sí ẹ̀kẹta. Ẹ kọ orúkọ ìyá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ka baba dé ìran karùn-ún, wọn kò mọ orúkọ ìyá kan ṣoṣo. Sí abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlú, iṣẹ́, oríkì, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Bí àgbà méjì bá sọ ohun tó yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ má yan èyí tó wù yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí páríìṣì àti mairie.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá bá ń bọ̀, a máa ń kọ orúkọ àwọn òkú wa sórí ìwé pélébé, a ó mú un wá fún Fadá kó lè rántí wọn nínú Mísà. Lẹ́yìn Mísà, ìwé náà a di ohun àjùsọnù. Ní ọdún yìí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ ní méjì: kí wọ́n mú ọ̀kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi èkejì sínú ìwé kékeré náà. Kí àwọn ọmọ ló kọ ọ́, kí àwọn àgbà máa pè é fún wọn. Bí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò béèrè pé: "Ta lèyí?" Ẹ dá wọn lóhùn.